Ìyá tí Ẹnikẹ́ni Kò Bi Léèrè: Ojúọlá àti Ìdílé Rẹ̀ nínú The Gods Are Not to Blame

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ Ojúọlá wò, olorì inú eré-oníṣe Ọlá Rótìmí, The Gods Are Not to Blame, ẹni tí ó dúró ní ipò Jocasta inú ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Gíríìkì. Orí Ọdẹ́wálé àti àyànmọ́ ni ọ̀pọ̀ àlàyé inú kíláàsì máa ń dá lé. Èrò tiwa ni pé Rótìmí gba ẹ̀bi kan kúrò lọ́rùn ìyá yìí, ṣùgbọ́n ó gba ohun méjì mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú: ohùn rẹ̀ àti ilé baba rẹ̀. A fi eré náà wé ti Sophocles, a sì dábàá bí a ṣe lè kọ́ ọ ní ìlú elédè púpọ̀ bíi Zaria.

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá ti Kano tàbí Kaduna wá sí Zaria, tí ó sì ń lọ sí Samaru, Kwangila ni yóò ti yà. Oríta ni ibẹ̀. Iṣẹ́ àgbàṣe ni kwangila túmọ̀ sí ní èdè Hausa, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn èrò ọkọ̀ mọ Kwangila sí ni afárá, ọkọ̀, ọjà etí títì àti ariwo oríṣiríṣi èdè. Bí ènìyàn bá la ẹnu pẹ́rẹ́ láti ná nǹkan tàbí láti béèrè owó ọkọ̀, àwọn tí ó wà nítòsí ti mọ ibi tí ó ti wá. Nígbà mìíràn, ẹ̀rín ni yóò tẹ̀ lé e. Nígbà mìíràn, èébú ni.

A fi oríta bẹ̀rẹ̀ nítorí pé oríta ni ìtàn tí a fẹ́ yẹ̀ wò ti dojú rú. Nínú eré Sophocles, ibi tí ọ̀nà mẹ́ta ti pàdé ní ilẹ̀ Phocis ni Oedipus ti pa baba rẹ̀ láìmọ̀. Nínú eré Rótìmí, ibi tí ọ̀nà mẹ́ta ti pàdé nítòsí Ẹdẹ ni Ọdẹ́wálé ti pa Adétúṣà. Èébú nípa bí ẹnìkan ṣe ń sọ̀rọ̀ wà lára ohun tí ó dá ìjà Ẹdẹ sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì ni wọ́n jà. Obìnrin tí kò sí níbẹ̀ ni ó di opó, òun náà ni wọ́n sì fi fún ẹni tí ó pa ọkọ rẹ̀.

Tí a bá ń kọ́ eré yìí, ìbéèrè tí a sábà máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé: ṣé àwọn òrìṣà ló jẹ̀bi ni, àbí Ọdẹ́wálé? Ìbéèrè náà dára, Rótìmí fúnra rẹ̀ ni ó fi ṣe àkọlé. Ṣùgbọ́n a kì í béèrè ohun tí ojú Ojúọlá rí. Iṣẹ́ yìí fẹ́ béèrè.

Ìdílé kan ní Thebes, ìdílé kan ní Kútùjẹ́

Nínú ìtàn àwọn Gíríìkì, ọmọ Menoeceus ni Jocasta, arábìnrin Creon sì ni. Ó fẹ́ Laius, ọba Thebes, ó bí Oedipus fún un. Nígbà tí Oedipus ti pa baba rẹ̀ láìmọ̀, tí ó sì gba Thebes sílẹ̀ lọ́wọ́ ewu, ìlú fi í jọba, wọ́n sì fi opó ọba fún un. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí: Eteocles, Polynices, Antigone àti Ismene.

Kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo ni àwọn Gíríìkì gbà sọ ìtàn ìyá yìí. Nínú Odyssey, Epicaste ni Homer pè é, ìlà díẹ̀ péré ni ó sì fi sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀: ó fẹ́ ọmọ rẹ̀ láìmọ̀, ó sì pokùn so. Nínú eré tí Sophocles kọ ní nǹkan bí ọdún 429 ṣáájú ìbí Jésù, ó pokùn so bákan náà, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ púpọ̀ kí ó tó kú. Euripides ní tirẹ̀ kò jẹ́ kí ó kú nígbà tí àṣírí tú. Nínú Phoenissae, òun ni ó bẹ̀rẹ̀ eré, òun ni ó ń bẹ àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì kí wọ́n má bá ara wọn jagun, orí òkú wọn ni ó sì ti fi idà pa ara rẹ̀. Ohun tí a rí kọ́ ni pé kò sí òfin kan tí ó de òǹkọ̀wé mọ́lẹ̀ nípa obìnrin yìí. Ẹni tí ó bá tún ìtàn náà kọ ni yóò yan iye ọ̀rọ̀ tí yóò fi sí i lẹ́nu.

Rótìmí, tí a bí ní Sapele ní ọdún 1938, yan tirẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe eré náà ní ọdún 1968, ní Ori Olokun Theatre. Oxford University Press tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1971. Thebes di Kútùjẹ́, Laius di Adétúṣà, Oedipus di Ọdẹ́wálé, Jocasta di Ojúọlá. Àwọn ọmọ mẹ́rin náà di Adéwálé, Adébísí, Oyèyẹmí àti Adéyinká. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Jocasta ti rí eré tirẹ̀ gbà láàárín wa: Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan sọ Antigone di Tegonni nínú eré tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Emory University, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1994. Ọmọ ti sọ tirẹ̀. Ó yẹ kí a padà sọ́dọ̀ ìyá.

Ta ni ó gbé ọmọ náà jáde?

Nínú eré Sophocles, ọ̀rọ̀ méjì wà nípa ọmọ tí wọ́n gbé sọ nù, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò sì bára mu. Jocasta sọ fún Oedipus pé Laius ni ó so ẹsẹ̀ ọmọ náà pọ̀, tí ó sì ní kí àwọn ènìyàn lọ jù ú sí orí òkè. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá darandaran àtijọ́ lẹ́nu wò, ó ní aya ọba fúnra rẹ̀ ni ó gbé ọmọ lé òun lọ́wọ́ pé kí òun pa á. Bóyá Jocasta purọ́. Bóyá ìbànújẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ni ó mú un yọ ọwọ́ ara rẹ̀ kúrò nínú ìtàn náà. Bí ó ti wù kí ó jẹ́, a mọ̀ pé ó ní ọwọ́ nínú rẹ̀, a sì mọ̀ pé ó ń dùn ún láti sọ ọ́.

Rótìmí yí èyí padà. Nínú ìbẹ̀rẹ̀ eré náà, olùsọ̀tàn ni ó ń sọ̀rọ̀, àwọn òṣèré ń fara ṣàpèjúwe. Bàbá Fákúnlé dífá, ó sọ ohun tí ọmọ náà yóò ṣe. Àwòrò Ògún fi okùn owó ẹyọ di ẹsẹ̀ ọmọ náà pọ̀. Wọ́n gbé e fún Gbọ́nkáà pé kí ó gbé e lọ sí igbó burúkú. Ojúọlá sunkún, ọkọ rẹ̀ sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Kò gbé ọmọ fún ẹnikẹ́ni. Ifá, Ògún àti ààfin ni wọ́n ṣe é, lójú rẹ̀.

Àwa gbà pé àánú ni ó mú Rótìmí ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá Yorùbá tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọmọ fún apani yóò ṣòro fún àwọn òǹwòran láti fẹ́ràn. A rántí Olúróńbí inú àlọ́, tí ó fi ọmọ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún ìrókò: títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni a fi ń kìlọ̀ fún ẹni tí kò mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ. Rótìmí kò fẹ́ kí Ojúọlá di Olúróńbí. Ṣùgbọ́n àánú náà ní iye tí ó náni. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan kò ní nǹkan kan láti sọ. Olúróńbí jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ẹ̀jẹ́, ó kábàámọ̀, ó ṣìpẹ̀. Ẹkún nìkan ni Ojúọlá ní.

Ọmọ tí ó tẹ̀ lé e ni Adérọ́pò. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ orúkọ náà dáadáa. Adé ti rọ́pò. Ààfin ti dí àlàfo. Ìyá tí ó ń pe orúkọ yìí láràárọ̀ ń pe èyí tí ó wà, ó sì ń rántí èyí tí kò sí. A kò gbọ́ orúkọ kankan tí ó pe àkọ́bí rẹ̀.

Níhìn-ín, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n jẹ́ Hausa lè kọ́ àwa olùkọ́ ní nǹkan. Nínú àṣà Hausa, ìyá kì í pe orúkọ àkọ́bí rẹ̀ nítorí kunya, ìyẹn ìtìjú tí ó jẹ mọ́ ọ̀wọ̀. Àìdárúkọ náà kì í ṣe àìfẹ́ràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dàgbà nínú àṣà yìí lè ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Ojúọlá kí ó sì gbọ́ ohun tí ọmọ Yorùbá kò ní gbọ́. Ìyàtọ̀ náà ni pé ọmọ tí ìyá Hausa kò dárúkọ wà nílé, ó ń jẹun, ó ń dàgbà. Ọmọ Ojúọlá wà ní igbó.

Ẹ̀ẹ̀kan tí Ojúọlá sọ̀rọ̀ ọmọ náà ní tòótọ́, ó sọ ọ́ láti fi tu ọkùnrin kan nínú ni. Ó fẹ́ fi yé Ọdẹ́wálé pé kí ó má ṣe bẹ̀rù ọ̀rọ̀ àwọn aláfọ̀ṣẹ: wọ́n ní ọmọ yóò pa baba, síbẹ̀ ọmọ ti kú, àwọn mìíràn ni ó sì pa baba ní oríta. Ẹni tí ó ń tù nínú ni ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ ìtùnú yẹn ni ó sì la ojú Ọdẹ́wálé sí oríta Ẹdẹ.

Obìnrin tí kò ní ilé baba

Àtúnṣe kejì tí Rótìmí ṣe kì í sábà gba àfiyèsí. Nínú eré Sophocles, Creon tí Oedipus fẹ̀sùn kàn pé ó fẹ́ gba adé jẹ́ arákùnrin Jocasta. Nígbà tí Jocasta jáde wá láàárín wọn láti parí ìjà, láàárín ilé ọkọ àti ilé baba ni ó dúró sí. Ó ní ẹni tirẹ̀ ní ìlú náà. Bí ilé ọkọ bá wó, ilé baba wà.

Rótìmí sọ Creon di Adérọ́pò, ọmọ Ojúọlá. Ìdí rẹ̀ yé wa. Ní ààfin Yorùbá, ọmọ ọba ni a lè fura sí pé ó ń wo adé, kì í ṣe arákùnrin olorì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin náà. Nígbà tí Ọdẹ́wálé àti Adérọ́pò ń jà, àárín ọmọ méjì ni ó dúró sí, ọ̀kan nínú wọn sì ni ọkọ rẹ̀. Kò sí baba, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí ìyekan tirẹ̀ kankan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn nínú ìjà náà. Gbogbo ẹni tí ó ní, inú rẹ̀ ni ó ti wá.

Nínú àṣà wa, ìyàwó kì í ṣe ẹni tí kò ní orírun. Oríkì rẹ̀ ń tẹ̀ lé e dé ilé ọkọ. Bí ìyà bá pọ̀, ó lè kó ẹrù padà. Bí ó bá kú, àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò wá béèrè ohun tí ó pa á. Ẹni tí yóò wá béèrè ohun tí ó pa Ojúọlá kò sí nínú eré yìí. Ìlú fi í fún ọba tuntun gẹ́gẹ́ bí ọba tuntun ti ń jogún àwọn olorì ọba àná, wọn kò sì bi í bóyá ó fẹ́. Ẹni tí ìbáà sọ fún ìlú pé obìnrin yìí ní ilé kò sí níbẹ̀. A ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí ọ̀rọ̀ opó àti ogún ilé kì í ṣe ìtàn lásán fún. Bí a bá fò ó, wọ́n mọ̀ pé a fò ó.

Ẹyin lohùn

Rótìmí ṣàlàyé nígbà ayé rẹ̀ pé kì í ṣe àwọn òrìṣà ilẹ̀ wa ni àkọlé òun ń tọ́ka sí, bí kò ṣe àwọn orílẹ̀-èdè alágbára tí a máa ń di ẹ̀bi rù. Ọdún 1968 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré náà, ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́. Ní ìparí eré, Ọdẹ́wálé fúnra rẹ̀ sọ pé kí a má ṣe dá àwọn òrìṣà lẹ́bi. Àìlera òun ni wọ́n lò, ìyẹn ni pé òun kò lè fara da ẹni tí ó bá fi ẹ̀yà òun ṣẹ̀sín.

Ní oko Ẹdẹ, bàbá arúgbó náà gbọ́ bí Ọdẹ́wálé ṣe ń sọ̀rọ̀, ó mọ̀ pé ará Ìjẹ̀kùn ni, ó sì fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ohùn ẹnu ni wọ́n fi dá a mọ̀, ohùn ẹnu ni wọ́n fi bú u. Baba bú ọmọ rẹ̀ nítorí pé ọmọ kò sọ̀rọ̀ bíi ti ilé baba rẹ̀. Ìdí tí kò sì fi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé baba ti gbé e sọ nù. Ẹyin lohùn: èyí tí ó já bọ́ ní Ẹdẹ, ilé Ojúọlá ni ó ti fọ́.

A rò pé ibí yìí gan-an ni eré náà ti bá Zaria sọ̀rọ̀ jù. Ìlú tí èdè ti pọ̀ ni ìlú tí ẹ̀sín ohùn ti rọrùn. Bí ọmọdé bá fi ohùn ẹlòmíràn ṣẹ̀sín ní kíláàsì, tí olùkọ́ bá rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, olùkọ́ ti sọ fún gbogbo kíláàsì pé ó tọ́. Eré yìí fi hàn wá pé àwọn méjì tí ó ń bú ara wọn kọ́ ni yóò san gbogbo gbèsè náà. Ẹni tí kò bú ẹnikẹ́ni wà nílé.

“O” àti “ẹ”

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Rótìmí fi kọ eré rẹ̀, ó sì fi òwe àti orin Yorùbá kún un. Ohun kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì bò mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, ọba ni o, ọmọdé ni o. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tú ìjíròrò Ojúọlá àti Ọdẹ́wálé sí Yorùbá, dandan ni kí ó yan “o” tàbí “ẹ”. Ojúọlá yóò sọ “ẹ” fún ọba tí ó jẹ́ ọkọ rẹ̀. Ọdẹ́wálé yóò sọ “o” fún aya rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ tọ̀nà títí àṣírí yóò fi tú. Nígbà náà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyá ni ó ń sọ “ẹ” fún ọmọ, ọmọ ni ó sì ń sọ “o” fún ìyá. Èèwọ̀ náà ti wà lẹ́nu wọn kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Hausa yóò fi ohun mìíràn hàn. “Ka” ni fún ọkùnrin, “ki” ni fún obìnrin. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá tú u sí Hausa kò lè gbàgbé ní ìṣẹ́jú kan pé obìnrin ni à ń bá wí, nígbà tí Yorùbá kò fi ìyàtọ̀ yẹn hàn rárá. Bí àwọn méjèèjì bá jókòó pọ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn, ohun tí wọn yóò rí nínú Ojúọlá yóò ju ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn lè dá rí lọ.

Ohun tí àwọn mìíràn lè sọ

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan lè sọ pé eré Ọdẹ́wálé ni, kì í ṣe ti Ojúọlá, àti pé a kò gbọ́dọ̀ bi òǹkọ̀wé léèrè ohun tí kò pinnu láti kọ. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. A kò sọ pé eré náà kò dára. Àwọn mìíràn lè sọ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni iyì olorì. Ṣùgbọ́n ní àkókò kan náà, ní ọdún 1970, Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ Ẹfúnṣetán Aníwúrà jáde, eré nípa Ìyálóde Ìbàdàn tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú. Ẹfúnṣetán kò dákẹ́. Ìbànújẹ́ sọ ọ́ di ìkà, ìlú sì dìde sí i. Ojúọlá dákẹ́, ó wọ yàrá lọ, ó fi ọ̀bẹ pa ara rẹ̀. Èyí tí ó sọ̀rọ̀ kú, èyí tí ó dákẹ́ kú. Ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la béèrè ìdí tí ìyá tí ó pàdánù ọmọ kò fi rí ọ̀nà kẹta nínú àwọn ìwé tí a fẹ́ràn jù.

Àbá fún kíláàsì

Lákọ̀ọ́kọ́, kí á ka ìbẹ̀rẹ̀ eré náà pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́, kí á sì ní kí wọ́n kọ ohun tí Ojúọlá ìbá sọ nígbà tí Gbọ́nkáà ń gbé ọmọ lọ. Èdè tí ó bá wù wọ́n ni kí wọ́n fi kọ ọ́.

Lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n ya àwòrán ìdílé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ti Thebes àti ti Kútùjẹ́, kí wọ́n sì wá ibi tí ẹbí ìyá wà. Òfìfo tí wọ́n bá rí ní Kútùjẹ́ ni kí ìjíròrò ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta, kí ìtumọ̀ “o” àti “ẹ”, “ka” àti “ki”, jẹ́ iṣẹ́ ẹni méjì méjì tí èdè wọn yàtọ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, kí ìbéèrè ìdánwò kan, ó kéré tán, dá lórí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí olùkọ́ kà sí pàtàkì. Ohun tí kò bá sí nínú ìdánwò, wọn kì í gbà pé ó wà nínú ìwé.

Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé Rótìmí gba Ojúọlá lọ́wọ́ ẹ̀bi Jocasta, ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀ láìní ohùn àti láìní ilé baba. Iṣẹ́ tirẹ̀ parí ní ọdún 2000 tí ó papò dà. Tiwa kò tíì parí. Bí a bá tún kọ́ eré yìí, tí a sì béèrè ẹni tí ó jẹ̀bi, kí á má ṣe dúró níbẹ̀. Kí á béèrè ẹni tí ó sunkún ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, kí á sì dúró kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn.